Àbẹ́là Ọdún Ẹni Mímọ́ ní Bor

"Ìyá, níbo ni ọkọ yín fi idẹ ẹ̀rọ tó ń fa omi pamọ́ sí?"

Vukadin, aṣojú ìjọba, ló ń jágbe mọ́ Stamena.

Àwọn Faransé ti ta ibi ìwakùsà bàbà ìlú Bor fún Jámánì tó gba ìlú, ìjọba sì ti lù ú lóǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ti kún inú ihò rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì lè fà á láìsí idẹ tí ọkọ Stamena yọ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá rí idẹ náà, wọ́n á so ọkọ rẹ̀ kọ́.

"Ẹ ti ta òkè wa, àbí abọ́ mi ló kù?"

Àwọn sójà tó bá Vukadin wá ń tú ilé.

Lórí tábìlì ọdún ẹni mímọ́ tó ń dáàbò bo ìdílé náà, àbẹ́là ń jó láàárín abọ́ àlìkámà sísè. Sójà kan nawọ́ sí i.

Vukadin gbá a lọ́wọ́. "Èèwọ̀! Fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jó tán." Ó ṣí fìlà, ó tẹríba.

"Ẹ kúkú dọ̀bálẹ̀ fún un," Stamena dáhùn.

Wọ́n lọ.

Àbẹ́là jó tán. Stamena ki ọwọ́ bọ àlìkámà, ó fa idẹ tí àbẹ́là dúró lé jáde.