Lọ́fínńdà Inú Àpótí

Jẹ̀mílátù ṣí àpótí ìyá ọkọ rẹ̀.

Ìgò lọ́fínńdà kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí.

Kí ni arúgbó fẹ́ fi lọ́fínńdà ṣe?

Ó ṣí i, ó fi ra ọrùn, ó gba ọjà Odòde lọ.

Àwọn aláṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í léèrè.

"Ọkọ mi ló rà á fún mi."

Nígbà tó padà délé, ìyá ọkọ rẹ̀ ń ká aṣọ funfun tí wọn ò rán sínú àpótí.

"Sún mọ́ mi, ìyàwó."

Jẹ̀mílátù kúnlẹ̀. Kò lè gbójú sókè.

Ìyá gbóòórùn ọrùn rẹ̀.

"Ó mà dùn o. Èmi ò gbóòórùn rẹ̀ rí. Ṣé ó ṣẹ́kù èyí tí ẹ máa fi sí mi lára tí mo bá kú?"