Ohun Tí Akínlàbí Gbàgbé

Aṣọ ọmọ ni Fadérera jáde lọ ká lórí okùn. Nígbà tó padà, ilẹ̀kùn ilé wọn, tó ń fi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ní, "Ẹ má bínú, mà, a ò mọ̀ yín."

Akínlàbí ọkọ rẹ̀, olólùfẹ́ tó búra fún un nínú òjò, ti tẹ "Jáde" sí orúkọ rẹ̀ lórí fóònù láti ibi iṣẹ́ nítorí ìjà àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tó tò sórí fóònù rẹ̀ sì gbàgbé ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: sítóòfù, ẹ̀rọ omi, ọkọ̀, ilẹ̀kùn.

"Akínlàbí! Ọmọ rẹ wà nínú ilé!" Fadérera kígbe sí ilẹ̀kùn.

Àtinúkẹ́, ọmọ náà, bú sẹ́kún. Ni bẹ́ẹ̀dì ọmọ bá sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé: "Ìyá Àtinúkẹ́, ṣé ẹ̀yin nìyẹn? Ọmọ ń sunkún. Mo ti ní kí ilẹ̀kùn ṣí."

Ilẹ̀kùn ṣí. Fadérera pọn ọmọ, ó ń kó ẹrù rẹ̀, ni ohùn Akínlàbí bá dún lára ògiri.

"Ìwọ obìnrin yìí, ta ló ṣílẹ̀kùn fún ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ni! O gbàgbé láti yọ mí níbẹ̀, torí o ò fọwọ́ kàn án rí látọjọ́ tí mo ti bímọ!"

Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde.