Àgbà Ló Ń Kọ́kọ́ Mú

Ààlọ́ o! Àlọ́ mi já gbùmù sínú ibú, ó bá Ẹ̀pìyà nínú ebi.

Òjíjí, ẹja tí kò ní ìpẹ́, sùn gbalaja nínú ẹrẹ̀, kò mira. Àwọn ẹja ní ó ti kú, ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́. Ni ìjà àgbà bá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀pìyà ní, "Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bí!"

Àrọ̀ mi irùngbọ̀n, ó dárin:

"Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú."
*Gẹ̀rẹ́jẹ́!*
"Èmi onírùngbọ̀n ni n ó mú."
*Gẹ̀rẹ́jẹ́!*

Ó gé Òjíjí jẹ. Gìrì! Iná ara Òjíjí gbé Àrọ̀, ara rẹ̀ gan, ó dojú ikùn kọ òkè, ó kú.

Òjíjí la ojú tíntìntín, ó rọra yíjú sí Ẹ̀pìyà. "Àgbà ti mú. Ta ló kàn?"

Ẹ̀pìyà dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣàánú mi, àná ni wọ́n bí mi."