Fìlà Oníwáyà

Obìnrin tó ń yẹ ọpọlọ wò ní ilé ìwòsàn náà de fìlà oníwáyà mọ́ Bàbá lórí, ó so wáyà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ kan. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlélógún tí Bàbá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sọ̀rọ̀, kò mira.

"Ṣé ẹ ń dirun fún un ni?" Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Bàbá, bi í.

Àga méjì ló wà nínú yàrá náà. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí ọ̀kan, ó gbé báàgì rẹ̀ sórí èkejì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Olómi," Ẹ̀gbọ́n pè é, "má wọlé o, kí o má tún lọ da nǹkan sílẹ̀."

Àbúrò ló fọ àtẹ̀gùn lọ́jọ́ tí Bàbá ṣubú. Ó ti wọ ilé ìdáná kó tó gbọ́ gbì. Ẹ̀gbọ́n, tí òun àti Bàbá jọ ń jiyàn lókè àtẹ̀gùn lórí ọ̀rọ̀ títa ilé, ló kọ́kọ́ ké: "Omi ni! Ọmọ yìí ti pa Bàbá!" Láti ìgbà náà, kò sí ará ilé tó ń dáhùn ìkíni Àbúrò.

"Bí ọ̀rọ̀ bá bára mu," obìnrin ilé ìwòsàn náà ṣàlàyé, "ìlà ojú ẹ̀rọ yìí á rọra máa lọ. Bí ọ̀kan ò bá bá ìyókù mu, tàbí tó tako ohun tí ẹni náà mọ̀, tí ọpọlọ sì ń gbọ́, ìlà á fò. Ohùn ọmọ Bàbá fúnra rẹ̀ ló dáa jù láti ka ọ̀rọ̀ náà."

Ẹ̀gbọ́n gba ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí, ó ń kà á bí ẹni ń tutọ́.

"Mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn."

Ìlà náà rọra ń lọ.

"Mo bu ṣúgà sínú ife, mo sì mu bàtà."

Ìlà náà ta kìjí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìlà ta kìjí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

"Bàbá ń gbọ́," obìnrin náà ní.

"Ìranù! Ẹ̀fọn ló bà lé wáyà yín. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé kó lọ sinmi."

Àbúrò wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tọrọ àforíjì kó tó pẹ́ jù."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Tọrọ ẹ̀ nígbà náà. Sọ ọ́ sókè, kí oníwáyà náà lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Ohun tó gbé yín ṣubú lórí àtẹ̀gùn ni omi."

Ìlà náà ta kìjí lórí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, omi, ó ga ju ti bàtà lọ, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n sì ti wà lára ilẹ̀kùn.