Ìpè Létí Adágún

Tíṣà Ọlábọ̀dé kọ̀, kò gba afinimọ̀nà ní Udaipur, ìlú ọgbà àti adágún ní ilẹ̀ Íńdíà. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń ka máàpù, ta ni yóò júwe ọ̀nà fún un? Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn jọ wá. "Ó di ọdún tó ń bọ̀" ni ó máa ń wí, títí obìnrin náà fi kú.

Lẹ́nu ọgbà, aṣọ́nà já tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún un.

"Èmi nìkan ni o."

Aṣọ́nà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, kò gba ìkejì padà.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Tíṣà ti kọjá lára igi kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Sálúbàtà kan ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá dúró, òun náà á dúró. Orí àtẹ̀gùn tó ti inú ọgbà sọ̀ kalẹ̀ sínú adágún ló ti gbọ́ ohùn:

"Tíṣà mi, ṣé ẹ tún ti ṣìnà ni?"

Ẹnìkan ṣoṣo ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ báyẹn, Tíṣà kò sì gbà fún un rí pé òun ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Ohùn náà pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń rẹlẹ̀ sí i.

Sálúbàtà náà wá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ó fi wọnú omi.

"Mo ṣìnà, Ìbídùn!" ni Tíṣà kígbe. "Mo ṣìnà o!"

Ojú omi ti tòrò.