Bọ́ọ̀lù Kejì

Ẹ bá mi ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí inú yín máa ń tètè ru. Ẹ má dúró lójú ọ̀nà, nítorí ìparí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

1.
Dókítà eléyín kan wà. Nílé iṣẹ́ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ọmọdé bá gé e níka jẹ, ẹ̀rín ló máa ń rín. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé pápá gọ́ọ̀fù, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré líle sínú ihò, ẹranko ló ń dà. Bí bọ́ọ̀lù bá yẹ̀ ẹ́, á fi ọ̀pá na igi títí ọ̀pá á fi dá. Ó ti fi ọ̀pá fọ́ gíláàsì mọ́tò ara rẹ̀ rí.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló máa ń bá a gbé àpò ọ̀pá. Aago ni àbúrò yìí ń tún ṣe. Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré. Ojú ọ̀tún nìkan ló ń há awò tó fi ń wo inú aago sí, òun náà ló sì fi ń bọ́ ìyàwó àtọmọ.

2.
Lọ́jọ́ kan, àgbàlagbà tó ń kọ́ wọn ní gọ́ọ̀fù pe dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Dókítà, ọwọ́ yín dára. Ọkàn yín ni kò dúró. Bí ẹ bá gbá èyí tí kò dáa, ẹ dá ọ̀pá padà sínú àpò kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ẹ má jẹ́ kí inú bí yín tòun tọ̀pá lọ́wọ́.”

“Bàbá, gọ́ọ̀fù ni mo wá kọ́, n ò wá gbọ́ ìwàásù.”

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbá gọ́ọ̀fù gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tó lè gbà á là ló sọ di yẹ̀yẹ́.

3.
Ọjọ́ ìdíje dé. Ihò tó kẹ́yìn ló kù. Dókítà gbá bọ́ọ̀lù, ó fò wọ igbó lọ.

“Dókítà!” ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kígbe. “Eyín yìí mà ní gbòǹgbò o! Ó kọ̀, kò yọ!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín náà korò lára rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀,” àbúrò rẹ̀ sọ. “Mo rí ibi tó wọ̀. Ẹ jẹ́ n lọ wò ó.”

Ó gbé àpò kalẹ̀, ó sáré lọ.

Ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ dókítà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, etí rẹ̀ ti di. Ó yọ bọ́ọ̀lù mìíràn lápò ṣòkòtò, ó jù ú sílẹ̀. Kò wo iwájú. Kò pariwo kí èèyàn yà. Ó gbá a bí ẹni tó fẹ́ pa ejò.

Àbúrò ti rí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ó yíjú padà tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Ẹ̀gbọ́n, òun nìyí o! Kò tiẹ̀ jìn...”

Bọ́ọ̀lù kejì bà á lójú ọ̀tún. Ìró rẹ̀ dà bí ẹyin tó já lu símẹ́ǹtì. Ó ṣubú lulẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ya láàárín ìka rẹ̀. Oòrùn ń ràn gan-an nígbà náà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni?”

4.
Wọ́n yọ ẹyinjú náà nílé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Foríjì mí, ọmọ ìyá mi. Inú ló bí mi.”

Àbúrò ń fọwọ́ wá etí bẹ́ẹ̀dì. Ó béèrè pé:

“Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́? Ṣé ó wọ ihò?”

Títí dòní, ọwọ́ dókítà ń gbọ̀n. Bó bá mú irin ìyọyín, aláìsàn á sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Àwọn aago oníaago ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀. Gbogbo wọn ti dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á, n ò ní kí inú má bí yín. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wá. Ohun tí mo ní ni pé, bí inú bá ti ń bí yín, ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀pá, ọ̀bẹ, ìgbálẹ̀ tàbí fóònù. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí oníbìínú tí ẹ fẹ́ràn. Àwọn àgbà ti wí i: ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.