Òkúta Tí Kíréènì Kò Gbọdọ̀ Gbé

Láti àárọ̀ ni Àṣírù ti kìlọ̀ fún gbogbo àwọn tó fẹ́ bá a fa òkúta náà pé kíréènì kankan kò gbọdọ̀ kàn án. Ọwọ́ ènìyàn nìkan ni yóò gbé e kúrò ní wáàfù Àpápá dé Ajégúnlẹ̀, lọ́dọ̀ Raphael.

Ọ̀rọ̀ náà pa àwọn tó gbọ́ lẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá ni Àṣírù fúnra rẹ̀ fi wa kíréènì ní wáàfù, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972 yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tó ní ojú òun kò ríran dáadáa mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ṣọ́ géètì.

Pírámíìdì ilẹ̀ Íjíbítì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Atukọ̀ òkun kan ló kó ìwé ìròyìn àtijọ́ fún Dickson, ajẹ́ntì tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wáàfù. Àwòrán pírámíìdì, òkè tí wọ́n fi òkúta ńláńlá kọ́ láyé àtijọ́, wà nínú wọn. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Dickson, Àṣírù àti Raphael ń ṣe ìwádìí lágbàálá Raphael. Olùwádìí ni wọ́n ń pe ara wọn, kò sì sí ẹni tó yàn wọ́n. Dickson ní àwọn àlejò láti ojú ọ̀run ló kọ́ ọ. Àṣírù ní rárá, àwọn ará ìlú kan tí òkun gbé mì ni, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ju tiwa lọ. Odidi ìwé kan ló kọ ọ́ sí.

Raphael, tó jẹ́ fọ́máànù àwọn tó ń ru ẹrù, a máa fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. "Na man pull am," ni yóò wí. "Ẹ fún mi ní èèyàn méjìlá, okùn àti igi róbótó, kí n fi hàn yín."

"Ó máa ń rẹ ènìyàn," ni Àṣírù yóò dá a lóhùn. "Kì í rẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kì í sì í ṣàṣìṣe."

Lọ́jọ́ Àìkú kan nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Raphael mẹ́nu ba òkúta ńlá kan tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé ẹrù nígbà tí wọ́n ń kọ́ èbúté. Ó ní, "Ọjọ́ tí o bá bá mi fa òkúta yẹn dé Ajégúnlẹ̀ láìsí ẹ̀rọ, ìjà parí." Àṣírù ní òun kò ráyè eré ọmọdé, ó sì jáde láìdágbére. Wọn kò jókòó pọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Monica, ìyàwó Raphael, kò sì dá Àṣírù lóhùn mọ́ bó bá kí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ sílé wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni Monica pa ilẹ̀kùn dé. Ó dùn ún wọ eegun. Bí òkúta náà kò bá dé lónìí, kò mọ ẹnu tí òun yóò tún fi bá obìnrin náà sọ̀rọ̀.

Sùlè, tó ń darí àwọn èèyàn Raphael báyìí, kó wọn wá lọ́jọ́ ìsinmi wọn, kò sì sí ẹni tó béèrè owó. Wọ́n fi irin gbé òkúta náà díẹ̀díẹ̀ sórí pákó, wọ́n ti igi róbótó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fà. Bí igi kan bá ti yọ lẹ́yìn, wọ́n á sáré gbé e lọ síwájú. Òjò ti rọ̀ lóru àná, ilẹ̀ sì ń gbé igi mì. Nígbà tó di ọ̀sán, àtẹ́lẹwọ́ Àṣírù ti bó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó díẹ̀," ni Sùlè wí.

"Kí òkúta dé ná."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró, kíréènì kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ náà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni yóò gba òun. Dickson ti jókòó sínú ẹrẹ̀, òógùn bò ó.

"Àṣírù, abeg, jẹ́ kó gbé e. Raphael kò ní mọ̀."

"Èmi á mọ̀," ni Àṣírù wí, ó sì tún di okùn mú.

Ó ti fojú ara rẹ̀ rí i pé òótọ́ ni Raphael sọ. Bí èèyàn méjìlá bá lè ṣe èyí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò ní lè ṣe? Ní gbogbo ọ̀nà ló ń ronú bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún un.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n bá Monica lẹ́nu géètì ilé rẹ̀. Ó wo òkúta, ó wo ọwọ́ Àṣírù.

"Baba Sẹ̀kínátù, ṣé ẹ̀rọ lẹ fi gbé e?"

"Rárá o, Ìyá Onoriode. Ọwọ́ ni."

Ó wo Sùlè. Sùlè mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Monica bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ gbé e wọlé."

Wọ́n yí òkúta náà sí ìgbèrí sàréè Raphael, Àṣírù sì kúnlẹ̀ tì í, ó ní, "Raphael, o borí," fún ọkùnrin tí irin já lù pa ní wáàfù lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn, láti ẹnu kíréènì tí Àṣírù ń wà.